Èéfín Ìdí Ọkọ̀ àti Ohun Tí Ó Ń Sọ Fún Wa: Ìmọ̀ràn fún Ẹni tí Ọkọ̀ Rẹ̀ Ń Lọ sí Jos

 Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti dá ètò ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ ní 1959 ni a ti mọ̀ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ kò parí sí orí ebè. Ohun tí a bá kórè tí a kò rí gbé dé ọjà, àdánù ni. Katakata tí ó bá dákú lásìkò ìtúlẹ̀ àti píkọ́ọ̀pù tí ó bá kú sójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù, ọ̀kan náà ni wọ́n: èrè àgbẹ̀ ni wọ́n ń jẹ.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń rán ọkọ̀ lọ sí Jos, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, láti lọ ra pòtétò, tòmátì, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú pòtétò tí a ń jẹ ní ilẹ̀ Yorùbá, láti orí òkè náà ni ó ti ń wá, láti Bokkos, Mangu, Barkin Ladi àti agbègbè wọn. Àwọn ará wa mìíràn sì ti fi Jos ṣe ilé láti ayébáyé, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni a sì máa ń kọ́kọ́ dárúkọ nínú wọn.

Nǹkan kan a máa ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yìí. Ọkọ̀ tí kò rú èéfín tí ojú lè rí láti Ìbàdàn dé Akwanga yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín dúdú bí ó bá ti kan òkè Hawan Kibo. Àyà dẹ́rẹ́bà a já. Bí ó bá dé Bukuru, a wá ẹni tí yóò wò ó, onítọ̀hún a sì ní ríǹgì ti jẹ tán, kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì. Owó ńlá a jáde, ọjọ́ mẹ́ta a kọjá, tòmátì a sì jẹrà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ náà yóò tún máa rú èéfín, nítorí pé ríǹgì kọ́ ni ó ń ṣe é. Ìdàkejì rẹ̀ náà wà. Ọkọ̀ mìíràn yóò máa rú èéfín funfun ní òwúrọ̀, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ yóò ní òtútù Jos ni. Nígbà tí yóò fi mọ̀ pé kì í ṣe òtútù, omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì, tọ́ọ̀pù sílíńdà sì ti là.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ọ̀kan lọ: àwọ̀ èéfín nìkan kò tó láti fi dá ẹ́ńjìnnì lẹ́jọ́. Ẹ wo àwọ̀, ẹ wo ìgbà tí èéfín náà ń jáde, kí ẹ sì gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi sípánà kan ẹ́ńjìnnì yín.

BÍ A TI Ń KA EWÉ NI KÍ A KA ÈÉFÍN

Èyí kò ṣàjèjì sí àgbẹ̀. Bí ewé àgbàdo bá ń pọ́n, àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sáré da ajílẹ̀ sí i. Yóò kọ́kọ́ béèrè pé: ewé ìsàlẹ̀ ni tàbí ewé òkè? Ṣé láti ṣóńṣó ni ó ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé àgbàdo náà ṣì kéré ni, tàbí ó ti gbó? Bí ó bá jẹ́ pé ewé ìsàlẹ̀ ni ó ń pọ́n láti ṣóńṣó nígbà tí àgbàdo ṣì ń dàgbà, ebi náítírójìn ni. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ti gbó lára rẹ̀, ìkórè ni ó kàn. Àwọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn yàtọ̀.

Bákan náà ni ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kí a fi í wé ààrò. Bí ìyàwó ilé bá ki igi jù sínú ààrò tí afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọlé, èéfín dúdú ni yóò rú. Bí omi bá ta sí iná, èéfín funfun ni yóò sọ. Bí epo bá kán sí ẹyin iná, èéfín rẹ̀ yóò yàtọ̀, yóò sì máa ta ni lójú. Ohun mẹ́ta náà ni ẹ́ńjìnnì ń sọ: afẹ́fẹ́ kò tó epo, tàbí omi ti wọlé, tàbí ọ́ìlì ti wọlé.

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù a máa fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po 15 ìwọ̀n epo tí ó bá jó. Bí wọ́n bá bára mu, ohun tí yóò jáde ní sálẹ́ńsà kò ní í ṣeé fi ojú rí. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le, tí ó sì ti gbóná, kò yẹ kí a máa rí èéfín rẹ̀.

ÌDÍ TÍ JOS FI YÀTỌ̀

Ìlú Jos ga tó nǹkan bí mítà 1,200 sí ojú òkun, bẹ́ẹ̀ ni Ìbàdàn kò ju nǹkan bí 200 lọ. Bí a bá ti ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́. Bí ẹ bá pín afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà sínú ní Èkó sí ọ̀nà 8, nǹkan bí ọ̀nà 7 ni yóò rí fà ní Jos. Ìdí nìyí tí agbára ọkọ̀ fi máa ń dín lórí òkè náà, tí jíà tí ó ń gbé ẹrù dáadáa ní ìsàlẹ̀ kò fi ní í lè gbé e mọ́. Èyí kì í ṣe àìsàn.

Omi pẹ̀lú a máa tètè hó níbẹ̀. Ní ojú òkun, ìwọ̀n 100 ni omi ń hó. Ní Jos, nǹkan bí 96 ni. Ìdérí rédíétọ̀ tí ó dára ni ó ń fún omi inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má baà hó kíákíá. Ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó lè máa fara dà á ní Ìbàdàn, kí ó sì dójú ti yín ní Hawan Kibo.

Lẹ́yìn èyí ni òtútù. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, òtútù òru ní Jos a máa lọ sí ìsàlẹ̀ ìwọ̀n 15, ọyẹ́ a sì máa gbé eruku wá láti apá aṣálẹ̀. Gíga, òtútù àti eruku: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní èéfín tirẹ̀.

ÈÉFÍN DÚDÚ

Èéfín dúdú túmọ̀ sí pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í ṣe àmì pé ríǹgì ti jẹ. A tún èyí sọ, nítorí pé òun ni àṣìṣe tí ń gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ jù lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò wò ni asẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ gbé e kọjú sí oòrùn tàbí sí iná tọ́ọ̀ṣì. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á kọjá, ó ti dí. Èyí tí a fi pépà ṣe, ẹ rọra gbọ̀n ọ́n sí ilẹ̀ kí eruku lè já. Ẹ má ṣe fi bẹntiróòlù tàbí omi fọ̀ ọ́. Bí ó bá ti dúdú jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn katakata àti lọ́rì àtijọ́ kan ní abọ́ tí ọ́ìlì wà nínú rẹ̀ tí ń gba eruku. Ẹ da ọ́ìlì ògbólógbòó náà nù, ẹ fọ abọ́ náà, kí ẹ sì fi tuntun sí i dé ojú àmì rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa wò ó léraléra ju ti ìgbà òjò lọ.

Ohun kejì ni irú ẹ́ńjìnnì tí ẹ ní. Ibí ni Jos ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti àtijọ́ tí ń lo kábúrétọ̀, bí irú Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, kábúrétọ̀ kò mọ̀ pé òun ti gòkè. Bí afẹ́fẹ́ ti ń fúyẹ́, epo tí ó ń tú sílẹ̀ kò dín tó bí ó ti yẹ. Ọkọ̀ tí kábúrétọ̀ rẹ̀ ti ń fún un ní epo púpọ̀ jù láti ilé, Jos ni àṣírí rẹ̀ yóò ti tú. Ẹni tí ń gbé Jos lè ní kí wọ́n tún kábúrétọ̀ òun ṣe kí ó bá ibẹ̀ mu. Ẹni tí ó kàn lọ ra ẹrù tí yóò sì padà kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá dín epo rẹ̀ kù fún Jos tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, epo kò ní í tó mọ́, ẹ́ńjìnnì yóò gbóná jù, fáàfù sì lè jó. Ẹ tún wo ṣóòkù pẹ̀lú. Dẹ́rẹ́bà tí ó fà á nítorí òtútù òwúrọ̀ tí ó sì gbàgbé láti dá a padà yóò rú èéfín dúdú títí alẹ́.

Bí ó bá jẹ́ lọ́rì tàbí katakata dísẹ́ẹ̀lì tí kò ní túbò, ìwọ̀n epo tí pọ́ǹpù rẹ̀ ń tì wọlé kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti dín ní ìdá kan nínú 8. Bí dẹ́rẹ́bà bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá pẹ̀lú ẹrù lórí òkè, èéfín dúdú dandan ni. Oògùn rẹ̀ kò sí ní ilé mẹkáníìkì. Lẹ́sẹ̀ dẹ́rẹ́bà ni ó wà. Kí ó tètè bọ́ sí jíà kékeré, kí ó dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì dín ẹrù kù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já èdìdì pọ́ǹpù kí ó lè fi epo kún un pé ọkọ̀ kò lágbára. Epo tí kò rí afẹ́fẹ́ kò lè di agbára. Èéfín àti ooru ni yóò dà.

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà ń darí epo rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wọn afẹ́fẹ́ tí ó ń fà, ó sì ń dín epo kù fúnra rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá ń rú èéfín dúdú ní Jos, ẹ má ṣe di ẹ̀bi ru òkè. Asẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí, tàbí ohun tí ń wọn afẹ́fẹ́ ti bàjẹ́, tàbí ẹnu tí ń fọ́n epo ń jò. Dísẹ́ẹ̀lì tí ó ní túbò náà kò yẹ kí ó rú èéfín dúdú púpọ̀, nítorí túbò ń fi ipá ki afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí agbára rẹ̀ sì já wálẹ̀ lójijì, ẹ wo rọ́bà tí ó gba afẹ́fẹ́ láti túbò lọ sí ẹ́ńjìnnì bóyá ó ti ya tàbí ó ti yọ.

Bí èéfín dúdú dísẹ́ẹ̀lì kò bá dá dúró lẹ́yìn tí ẹ ti padà sí ìsàlẹ̀, tí asẹ́ afẹ́fẹ́ sì mọ́, nígbà náà ni kí ẹ kó àwọn nọ́sù lọ fún ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń dán wọn wò. Nọ́sù tí ó bá ń kán dípò kí ó máa fọ́n bí ìrì, yóò rú èéfín dúdú níbi gbogbo.

ÈÉFÍN FUNFUN

Mẹ́ta ni èéfín funfun. Ọ̀kan kò léwu rárá, ọ̀kan ní ìtọ́jú, ọ̀kan lè pa ẹ́ńjìnnì láàárín wákàtí kan.

Èkíní ni ooru omi lásán. Lítà bẹntiróòlù kan tí ó bá jó tán a máa mú nǹkan bí omi lítà kan jáde. Nígbà tí ẹ̀fúùfù bá gbóná a kì í rí i. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Jos, bí ẹnu ènìyàn ti ń yọ èéfín bí ó bá sọ̀rọ̀ ni sálẹ́ńsà náà ń yọ ọ́. Ó fúyẹ́, kò ní òórùn, a sì máa pòórá ní kété tí ó bá jáde. Omi tí ó mọ́ lè máa kán ní ẹnu sálẹ́ńsà. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná dáadáa, yóò dá dúró. Ẹ má ṣe ná kọ́bọ̀ lé e lórí.

Èkejì ni dísẹ́ẹ̀lì tí kò jó. Ó ki ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ń ta ni lójú, òórùn dísẹ́ẹ̀lì tútù ni ó sì ń rùn. Òtútù a máa fà á, nítorí pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní iná pọ́lọ́ọ̀gì. Ooru afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ni ó ń tan epo rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù jù, tàbí tí àwọn pọ́lọ́ọ̀gì tí ń mú un gbóná kí ó tó tan bá ti kú, epo kan yóò jáde láìjó. Bí ó bá lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ohùn ẹ́ńjìnnì sì dọ́gba, òtútù ni. Bí ó bá ń bá a lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, àsìkò tí pọ́ǹpù ń ti epo wọlé ti yẹ̀, tàbí nọ́sù kan ń kán, tàbí sílíńdà kan kò lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni omi rédíétọ̀ tí ó ti wọ inú sílíńdà. Gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó tàbí tọ́ọ̀pù sílíńdà ti là. Èéfín rẹ̀ ki bí kùrukùru, kì í tètè pòórá, kò sì bìkítà bóyá oòrùn ti mú. Bí ó bá jẹ́ pé omi tí ó ní oògùn rédíétọ̀ nínú ni ẹ ń lò, òórùn rẹ̀ a máa dùn. Bí ó bá jẹ́ omi lásán, kò ní í ní òórùn, nítorí náà ẹ má ṣe gbára lé imú nìkan. Àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́ta wà tí ẹ lè pè:

1. Omi rédíétọ̀ ń dín lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ gbẹ.

2. Bí ẹ bá fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì náà funfun, ó ki bí ògì tí a da mílíìkì sí.

3. Ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù, bí ẹ bá ṣí rédíétọ̀ tí ẹ sì tan ọkọ̀, omi náà yóò máa hó pòòpòò lọ́kankan láìtíì gbóná. Ẹ má ṣe dán èyí wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná o! Omi gbígbóná yóò tú síta, yóò sì bó yín lára.

Bí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo nínú wọn bá jẹ́rìí pẹ̀lú èéfín náà, ẹ dá ọkọ̀ dúró. Kí ẹ fi ọkọ̀ mìíràn fà á dé ilé mẹkáníìkì. Gásíkẹ́ẹ̀tì kò wọ́n púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi agídí gun òkè pẹ̀lú rẹ̀, tọ́ọ̀pù sílíńdà yóò tẹ̀, omi yóò ba ọ́ìlì jẹ́, béárìn yóò sì jó. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

ÈÉFÍN TÍ Ó DÀ BÍ ARÓ

Èéfín yìí ni ó ń jẹ́ pé ọ́ìlì ń jó. Ó dà bí omi aró tí a là, a sì máa rọ̀ pẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀. Òórùn rẹ̀ dà bí ti ọ́ìlì tí ó kán sí irin gbígbóná. Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá dá yín lójú, ẹ mú pépà funfun kan sún mọ́ ẹnu sálẹ́ńsà fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá jẹ́ ooru omi, pépà náà yóò rin, yóò sì gbẹ láìní àpá. Bí ó bá jẹ́ èéfín dúdú, èédú ni yóò fi sí i. Bí ó bá jẹ́ ọ́ìlì, àmì ọ̀rá yóò wà lára rẹ̀ tí kò ní í gbẹ.

Kí ẹ tó bẹ̀rù, ẹ wo ìwọ̀n ọ́ìlì ná. Ẹni tí ó ro ọ́ìlì kọjá àmì, ọkọ̀ rẹ̀ lè rú èéfín yìí láìsí àìsàn kankan. Ẹ tún wo ihò tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí bóyá ó ti dí.

Lẹ́yìn èyí, ìgbà tí ó ń rú ni yóò sọ ibi tí ọ́ìlì ń gbà. Ní ti ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, òkè Hawan Kibo fúnra rẹ̀ lè ṣe adájọ́ fún yín. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, bí èéfín yìí bá ń tú láìdákẹ́, ríǹgì àti ara sílíńdà ni ó ti jẹ. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ kò bá rú u nígbà tí ó ń gòkè, tí ó sì jẹ́ pé nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí dẹ́rẹ́bà gbé ẹsẹ̀ kúrò, tí ó sì tún tẹ̀ ẹ́ ni ó pọ̀ èéfín síta lẹ́ẹ̀kan, rọ́bà kékeré tí ó wà lára fáàfù ni ó ti gbó. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà gbé ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń fi agbára fa ohun tí ó bá rí, ọ́ìlì sì gba ẹ̀gbẹ́ fáàfù wọlé. Ọkọ̀ tí ó sùn mọ́jú tí ó rú u díẹ̀ ní òwúrọ̀ tí ó sì dákẹ́, rọ́bà fáàfù yẹn náà ni.

Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Rọ́bà fáàfù jẹ́ iṣẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, èyí tí kò ná ni ní púpọ̀. Ríǹgì túmọ̀ sí pé wọn yóò tú ẹ́ńjìnnì dé ìdí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ríǹgì ni, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wọn ipá sílíńdà kọ̀ọ̀kan, láti ojú ihò pọ́lọ́ọ̀gì. Kí ó wá da ṣíbí ọ́ìlì kan sí èyí tí ipá rẹ̀ kéré, kí ó tún un wọ̀n. Bí ipá náà bá lọ sókè, lóòótọ́ ni, ríǹgì ni. Bí kò bá yí padà, fáàfù ni ó ń jò. Iṣẹ́ yìí kò gbà ju wákàtí kan lọ, ó sì lè gba owó oṣù púpọ̀ sílẹ̀ fún yín.

Bí ó bá jẹ́ ríǹgì ni, kò túmọ̀ sí pé kí ẹ tú u ní ojúlé ọjà Jos pẹ̀lú ẹrù lórí. Ọkọ̀ tí ń jẹ ọ́ìlì lè gbé yín délé, bí ẹ bá ń wò ó lóòrèkóòrè tí ẹ sì ń fi kún un. Ẹ máa kọ iye tí ó ń jẹ sílẹ̀. Bí ó bá ti ju lítà 1 lọ ní kìlómítà 1,000, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó àtúnṣe rẹ̀.

Ẹ̀rọ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi èéfín yìí bá wí: alùpùpù àtijọ́, ẹ̀rọ ìgégi àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù wọn. Ọ́ìlì wọn ń jó mọ́ epo ni. Ẹ kàn rí i pé ẹ kò po ọ́ìlì náà kọjá ìwọ̀n tí ìwé wọn sọ.

OHUN TÍ ÈÉFÍN KÌ Í SỌ

Epo burúkú kì í fìgbà gbogbo hàn nínú èéfín. Bẹntiróòlù tí wọ́n po kẹrosíìnì mọ́ a máa rú èéfín, ẹ́ńjìnnì a sì máa kan bí ẹni ń fi òòlù lu irin. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ pọ̀ ju bí òfin ti sọ ti wọ orílẹ̀-èdè yìí. Methanol kì í rú èéfín dúdú bí ó bá ń jó, nítorí náà ojú kò lè mú un. Ọkọ̀ tí ó bá ń kú ṣáá ní kété tí ẹ ra epo tuntun, epo náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Èyí tí ó burú jù ni afẹ́fẹ́ olóró tí a ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù gbogbo ni ó sì ń tú u jáde, àní èyí tí a kò rí èéfín rẹ̀. Ní Jos, òtútù a máa mú kí àwọn ènìyàn tan ọkọ̀ nínú gáréèjì tí wọ́n tì, tàbí kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí kí dẹ́rẹ́bà sùn nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Orí fífọ́ àti oorun ni yóò kọ́kọ́ wá, ikú ni yóò sì tẹ̀lé e. Ẹ má ṣe dán an wò, bó ti wù kí òtútù mú tó. Èéfín dísẹ́ẹ̀lì náà kì í ṣe ohun tí a ń fà símú. Ní 2012, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé ó wà lára ohun tí ń fa àrùn náà. Kí àwọn ọmọ má ṣe máa dúró sí ẹ̀yìn katakata.

KÍ ỌKỌ̀ TÓ KÚRÒ NÍ IBÙDÓ

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ sí Jos, kí ó ṣe nǹkan wọ̀nyí ní ọjọ́ kan ṣáájú:

1. Kí ó yọ asẹ́ afẹ́fẹ́, kí ó gbọ̀n ọ́n tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀.

2. Kí ó wo ọ́ìlì àti omi ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ó sì kọ ìwọ̀n méjèèjì sílẹ̀.

3. Kí ó wo rọ́bà ìdérí rédíétọ̀ àti àwọn rọ́bà tí omi ń gbà.

4. Kí ó tan ọkọ̀, kí ó sì rìn lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti wo èéfín. Ẹni tí kò mọ èéfín ọkọ̀ rẹ̀ ní ilé kò lè mọ èyí tí ó ṣàjèjì ní Jos.

5. Kí ó dín ẹrù kù sí iye tí ọkọ̀ lè gbé lórí òkè.

Bí èéfín bá sì jáde lójú ọ̀nà, kí dẹ́rẹ́bà wá ibi tí ó tẹ́jú dúró sí, kí ó sì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Àwọ̀ wo? Ìgbà wo? Òórùn wo? Kí ó sọ ìdáhùn náà fún ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù kí ẹnikẹ́ni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Dúdú lórí òkè nìkan: kí ó dẹ ẹsẹ̀, kí ó máa lọ. Funfun tí kò pòórá, tí omi sì ń dín: kí ó dúró síbẹ̀. Èyí tí ó dà bí aró: kí ó fi ọ́ìlì kún un, kí ó máa bọ̀ nílé.

A rọ̀ yín kí ẹ gé ìpín tí ó kẹ́yìn yìí kúrò nínú ìwé, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí dẹ́rẹ́bà yín yóò ti máa rí i nínú ọkọ̀.